Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò?

Kí n tó rojọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan síwájú yín. Bí ènìyàn bá ń ta ohun jíjẹ tàbí ohun mímu, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: ẹni tó ń tà á ni, àbí ẹni tó fẹ́ rà á? Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣebí owó la fi ń ra nǹkan, a kì í fi ìwà rà á." Ẹ ní sùúrù fún mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ mí lẹ́nu, ẹmu ló sì fà á.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ dáńfó láti Yábá, ó gbé wa gba orí afárá Third Mainland, ó já wa sí Ọbáléndé. A fẹsẹ̀ rìn gba Láfíàjí títí a fi dé Ìta Fàájì. Ọ̀rẹ́ mi yìí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó gidi ni. Aṣọ ló fẹ́ lọ gbà lọ́wọ́ télọ̀. Mùsùlùmí ni, kì í fẹnu kan ọtí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n Èkó ni Èkó ń jẹ́: ibi tí wọ́n ti ń kírun kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń bu ẹmu, kálukú sì mọ ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí a gba aṣọ tán, èmi ni mo ní ká yà ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Ọ̀rẹ́ mi ní kò burú, òun á mu mọ́ọ̀tì.

Ìyá ẹlẹ́mu náà á tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Bẹ́ǹṣì méjì ló wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì funfun méjì wà lábẹ́ tábìlì, kò dé ẹnu wọn pa, torí ẹmu tó bá ń hó, bí ènìyàn bá dé e pinpin, kẹ́ẹ̀gì lè bẹ́. Wọ́n so okùn pupa mọ́ ọ̀kan lọ́rùn. Mo kí i, mo béèrè bóyá ẹmu wà, ó ní ó wà. Ó mú igbá kékeré kan, ó bu díẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní okùn, ó gbé e sẹ́nu, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló wá bu díẹ̀ fún èmi. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì olókùn pupa: òun ṣáájú, èmi tẹ̀lé e.

"O ti tọ́ méjèèjì wò," ó wí. "Èyí tí ò ní okùn yẹn, ojúlówó ni. Èyí tó ní okùn, mo ti bu omi sí i. Owó ẹ̀ ò pọ̀ tó ti èkejì. Èwo ni kí n bù fún ẹ?"

Ẹnu yà mí. Àwọn àgbà ní kò sí ẹlẹ́mu tó máa sọ pé ẹmu òun kan. Èyí wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé omi wà nínú tòun!

Mo ní, "Mà, ṣé gbogbo ènìyàn lẹ̀ ń sọ ọ́ fún báyẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́? Ṣé ahọ́n ẹ ò ní sọ fún ẹ ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin fi kọ́kọ́ ń mu ún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí ìyá mi ṣe ń tà á nìyẹn. Ẹni tí ò bá lè mu ọjà ẹ̀, kó má tà á."

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ẹ sì máa gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọjà tí ẹmu jẹ́, torí ibẹ̀ ni ìdánwò ẹlẹ́mu ti bẹ̀rẹ̀. Ara ọ̀pẹ ni ẹmu ti ń wá, ògùrọ̀ sì ń wá láti ara igi ògùrọ̀. Ọ̀pọ̀ ará Èkó kàn ń pe méjèèjì ní ẹmu ni. Bó ṣe ń kán láti ara igi, adùn gidi ni. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú akèrègbè á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ṣúgà inú rẹ̀ á ti máa di ọtí, ó lè tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Tí wọ́n bá tún fi í sílẹ̀, ó di ọtí kíkan pátápátá. Ẹni tó bá gba ẹmu láàárọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tó gbé e la gósíló já títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ọjọ́ kan péré ló ní láti fi tà á. Oòrùn ń ràn, owó ọkọ̀ ti lọ, ẹmu ń kan. Èṣù á wá sọ fún un pé: bu omi sí i kó lè pọ̀, ju sakarínì díẹ̀ sí i kí wọ́n má mọ̀ pé ó ti ń kan. Ta ló máa mọ̀?

Ìyá yìí náà ń bu omi, ẹ má gbàgbé. Kì í ṣe áńgẹ́lì. Àwọn kan wà lórí bẹ́ǹṣì tó jẹ́ pé alómi gan-an ni wọ́n ń béèrè, torí owó wọn ò tó ojúlówó, wọ́n sì fẹ́ kó pọ̀. Kò rẹ́ wọn jẹ, ohun tí wọ́n rà ni wọ́n mu. Nítorí náà, omi kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó bá bo omi mọ́lẹ̀ ni.

Ó wá ku èmi. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ mí sí ẹni tó ń ta sóbò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ń se ìṣápá dáadáa, mo ń fi ata ilẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, ṣúgà gidi ni mo sì ń lò. Nígbà tó yá, ṣúgà wọ́n, mo bọ́ sórí sakarínì. Iná ìdáná náà wọ́n, mo wá ń sè é kó ki gan-an, kí n tó fi omi ẹ̀rọ là á, omi tí mi ò sè. Mo sì lẹ pépà mọ́ ara ìgò pé: "Sóbò ojúlówó, kò ní kẹ́míkà." Àwọn tó ń rà á ń yìn mí. Èmi fúnra mi ńkọ́? Omi inú ọ̀rá ni mò ń rà mu.

Ní sáà tó kọjá, ọmọ kíláàsì mi kan ra ìgò méjì lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò kù ọ̀la. Inú run ún, ó yàgbẹ́ mọ́jú, kò lè wá ṣe ìdánwò. Mi ò lè búra pé sóbò mi ni, mi ò sì lè búra pé òun kọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ara rẹ̀ yá, ọ̀dọ̀ mi ló tún wá. Ó ní ìrẹsì tó jẹ ní búkà ló ṣe òun báyẹn, pé òun ò ní jẹun níbẹ̀ mọ́. Ó ra ìgò kan. Mo gba owó rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ìyá oníbúkà ṣe ibòjú, mo dákẹ́.

Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí mi ò fi lè rẹ́rìn-ín ní Ìta Fàájì?

Ẹ má rò pé àríyànjiyàn tuntun nìyí o. Ní ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù, Cicero, ará Róòmù, kọ ìwé kan lórí ojúṣe ènìyàn, ó sì kọ ọ́ sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Áténì nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa. Nínú ìwé náà, ó béèrè pé: bí ènìyàn bá ń ta wáìnì tó mọ̀ pé ó ti ń bàjẹ́ lọ, ṣé dandan ni kó sọ fún ẹni tó ń rà á? Ó mú èrò àwọn ọlọ́gbọ́n méjì wá, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Diogenes ará Bábílónì, olùkọ́, ní kì í ṣe dandan. Bí òfin kò bá ti ní kó sọ ọ́, tí kò sì parọ́, ó ti bọ́. Lójú rẹ̀, ká fi nǹkan pa mọ́ yàtọ̀ sí ká kàn dákẹ́. Antipater, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ní rárá, ẹni rere gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, ẹ sì wò ó, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́mu náà ni!

Fún oṣù mélòó kan, ọmọ ẹ̀yìn Diogenes ni mo jẹ́ láìmọ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni bi mí léèrè irú omi tí mo lò? Ṣebí wọ́n tọ́ ọ wò kí wọ́n tó rà á." Èyí gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: ṣé bí oníbàárà bá ti tọ́ ọ wò, ọrùn ọlọ́jà ti mọ́ nìyẹn?

Ní àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, bíi Faransé, Gúúsù Áfíríkà àti Kalifọ́níà, àwọn tó ń ṣe é máa ń ní yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́wò. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú gíláàsì, oníbàárà á mì í, á gbóòórùn rẹ̀, á fi kun ẹnu, á sì tu ú dà sínú garawa bí kò bá fẹ́ kó pa òun. Èyí tó bá wù ú ló máa rà. Ohun tó dára ni. Ó fi hàn pé ọlọ́jà ò bẹ̀rù ahọ́n oníbàárà. Ìyá ẹlẹ́mu wa náà ní yàrá ìtọ́wò tirẹ̀, bẹ́ǹṣì méjì àti igbá kan ni.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí agbára ahọ́n mọ. Ahọ́n lè mọ omi. Ahọ́n tó bá mọ nǹkan á mọ sakarínì, torí kíkorò tó máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1985, wọ́n rí i pé àwọn kan ní Ọ́síríà ti ń da diethylene glycol sínú wáìnì kó lè dùn kó sì ki lẹ́nu. Ẹnu tó ń mu ún ń sọ pé ó dùn. Ní ọdún 1986, ní Ítálì, wọ́n fi methanol kún wáìnì olówó pọ́ọ́kú. Ó lé ní ènìyàn 20 tó kú, àwọn mìíràn sì fọ́jú. Methanol jọ ọtí lẹ́nu àti nímú; inú ara ló ti ń di oró tó ń ba iṣan ojú jẹ́.

Ká má lọ jìnnà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀fọ́rí, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń dákú, ọ̀pọ̀ wọn sì kú láàárín ọjọ́ kan. Ìròyìn gba ìlú pé òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol inú ògógóró ni. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers, débi pé ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kẹfà ọdún náà pé àwọn fòfin de ògógóró. Gbogbo àwọn tó kú yẹn, ẹ dákun, ṣé wọn ò tọ́ ọ wò ni? Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n mu ún tán pàápàá.

Nígbà tí a jókòó síbẹ̀, ọmọdékùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ gbé ike wá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Mà, bàbá mi ní kí ẹ bu ẹmu." Ó na owó. Ìyá wo owó náà, ó rí i pé alómi ni owó yẹn tó, ó sì bu ú láti inú kẹ́ẹ̀gì olókùn pupa. Kò ní kí ọmọ náà tọ́ ọ wò. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sọ fún bàbá ẹ pé alómi ni mo bù. Tún un sọ kí n gbọ́."

"Alómi ni."

"Ó yá, máa lọ. Má dà á sílẹ̀ o."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Ẹni tó lè tọ́ ọ wò, ìyá jẹ́ kó tọ́ ọ wò. Ẹni tí kò lè tọ́ ọ wò, ó fi ẹnu sọ fún un. Bí agbára ẹni tó ń rà ṣe ń dín kù láti mọ ohun tó ń rà, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ẹni tó ń tà ṣe ń pọ̀ sí i. Tó bá wá jẹ́ ohun tí ahọ́n ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀, bíi methanol, bíi omi tí wọn ò sè, gbogbo ẹrù ti bọ́ sórí ọlọ́jà nìyẹn. Kò lè sọ pé "ṣebí o tọ́ ọ wò." Lójú tèmi, Diogenes jẹ̀bi níbẹ̀. Bí èmi nìkan bá mọ ohun kan, tí o kò sì ní ọ̀nà kankan láti mọ̀ ọ́n, tí èmi sì ń jèrè lórí àìmọ̀ rẹ, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ti di ìfipamọ́.

Lójú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi sọ ohun kan. Ó ní, "Èmi tí mi ò ní mu ẹmu láéláé, mo gba ìyá yẹn gbọ́ ju ìwọ tó mu ún lọ." Ó ní ìwọ̀nba ohun tí ènìyàn lè tọ́ wò láyé ò tó nǹkan. Ó wá nawọ́ sí ọ̀nà ọ̀hún níbi tí òpópónà Massey wà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó lulẹ̀ ní Ìta Fàájì yìí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jáde láàyè. Àwọn aláṣẹ ní wọ́n ti sàmì sí ilé náà pé wíwó ni kí wọ́n wó o. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe fẹ́ tọ́ ilé wò?" Mi ò rí èsì fọ̀. A rìn títí dé Ọbáléndé láìsọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á takò mí. Wọ́n á ní, "Ẹni tó ń tà á lè kọ́kọ́ mu ún kó sì tún jẹ́ ọ̀bàyéjẹ́." Òótọ́ ni. Ẹlòmíràn lè mu májèlé láìmọ̀, kó wá fi tọkàntọkàn bù ú fún ọ. Nítorí náà, mi ò sọ pé mímu ṣáájú ti tó. Ọlọ́jà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọjà rẹ̀ ti wá, kó sì la ẹnu sọ ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí mímu ṣáájú ń ṣe fún ọlọ́jà fúnra rẹ̀. Bí mo bá mọ̀ pé èmi ni màá kọ́kọ́ gbé e mì, ṣé màá fi omi ẹ̀rọ là á? Ìbéèrè yẹn nìkan ì bá ti gbà mí.

Àwọn mìíràn á ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣé o fẹ́ kí ebi pa wá ni?" Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, mi ò sì ní tàn yín jẹ. Ebi wà níbẹ̀. Mo padà sí ṣúgà, mo sì ń se omi, nítorí náà mo fi owó lé sóbò. Ìgò tí mò ń tà lọ́sẹ̀ ò tó ìdajì iye tí mò ń tà tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan tún ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní àjà kejì, owó pọ́ọ́kú. Mi ò mọ omi tó ń lò. Ṣùgbọ́n ìyá Ìta Fàájì náà ní alómi, ó sì ń tà á. Ohun tó ṣe ni pé ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ò ṣaláìrí nǹkan mu, kò sì sí ẹni tó tàn án jẹ.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé tó kọjá, mo lọ bá ọmọ kíláàsì mi yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: omi, sakarínì, pépà ara ìgò. Mo ní kì í ṣe dandan pé ìyá oníbúkà ló jẹ̀bi. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ìwọ náà ń mu ún?" Mo ní rárá. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó dìde, ó jáde. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì bínú sí i.

Nítorí náà, èsì tèmi sí ìbéèrè mi rèé: ẹni tó ń tà á ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kó sì sọ ohun tí ahọ́n ò lè sọ. Ẹni tó bá rò pé mo ṣìnà, kó kọ èsì tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ sóbò, ó mọ yàrá mi. Ife méjì ló wà lórí tábìlì báyìí, ọ̀kan tèmi ni.